Ọlọ́jọ́ Ló Ni Géètì

Bí wọ́n bá fẹ́ pè mí síwájú níbi ìpàdé, ẹni tó di ìwé mú máa ń ka iṣẹ́ tí mo ti ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan: tíṣà, ọlọ́pàá, olórí ẹ̀ṣọ́ ilé iṣẹ́, olùkọ́ yunifásítì, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìṣòwò. Kí ó tó kà á tán, àwọn èèyàn á ti máa rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ọkùnrin tí ìdí rẹ̀ kò lè gbé ojú kan ni mo jẹ́. N kì í bá wọn jiyàn. Mo mọ̀ pé ohun kan ṣoṣo ni mo ń kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe lè pawọ́ pọ̀ ṣe iṣẹ́ kan kí iṣẹ́ náà má sì bàjẹ́. Ibi tí mo ti kọ́ èyí tó jinlẹ̀ jù nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Lánlátẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Bí mo ṣe ka ìwé Módà tán, èyí tí kò tó girama, wọ́n fi mí ṣe tíṣà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nílùú wa. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò kí n tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ìbàdàn ni wọ́n gbé mi lọ, sáàárín àwọn tí kì í wọ kákí, àwọn tó ń wádìí ọ̀ràn. Mo mọ iṣẹ́ náà, n kò ní fi bò. Bí èèyàn mẹ́ta bá jókòó níwájú mi tí wọ́n ń sọ ìtàn kan náà, mo mọ ẹni tó ṣojú rẹ̀, mo sì mọ ẹni tó kọ́ ọ sórí. Ohun tó jẹ́ kí ilé iṣẹ́ kan lẹ́bàá Èrúwà wá mi kàn nìyẹn. Gbágùúdá ni wọ́n fi ń ṣe sítáàṣì níbẹ̀. Ọgbà wọn fẹ̀, lọ́rì ń wọlé, lọ́rì ń jáde, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò ṣe olórí ẹ̀ṣọ́ fún wọn. Mo gbà, nítorí mo fẹ́ sún mọ́ ìyá mi, mo sì ti ń kàwé lábẹ́lẹ̀ fún ìdánwò tí yóò gbé mi dé yunifásítì.

Ẹ̀ṣọ́ mẹ́rin ni mo bá lẹ́nu géètì. Ojoojúmọ́ ni ẹnì kan nínú wọn máa ń dúró níbẹ̀ láti àárọ̀ títí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Ọmọ Ìgbò-Ọrà ni àgbà wọn, Bàbá Ìbejì là ń pè é. Ní Ìgbò-Ọrà, bí o bá pe Bàbá Ìbejì lójú títì, yóò tó èèyàn mẹ́wàá tí yóò dá ọ lóhùn, ṣùgbọ́n ní géètì tiwa, òun nìkan ni. Ọkùnrin gíga ni, gbígbẹ, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tó gbọ́ pé mo ti ṣe tíṣà rí, ó ní ọlọ́pàá ti pọ̀ jù ní ìlú, Ọ̀gá Tíṣà ni àwọn yóò máa pè mí. Bí orúkọ náà ṣe mọ́ mi lórí nìyẹn.

Ọdún tí àwọn awakọ̀ ń kọ́ bí wọn yóò ṣe máa gba apá ọ̀tún títì ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀. Mánẹ́jà wa jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tiwa, àmọ́ Èkó ni wọ́n bí i sí, kò tíì di ọkọ́ mú rí láyé rẹ̀. Èèyàn dáadáa ni, ó kàn fẹ́ kí ohun gbogbo bá ìwé mu ni. Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè kan, ó ń jáde lọ sí Ìbàdàn, ó dúró wo régísítà ẹnu géètì. Orúkọ Bàbá Ìbejì ló bá níbẹ̀ fún ọjọ́ náà. Ó gbójú sókè, ẹlòmíràn ló rí nínú aṣọ iṣẹ́: ọmọ Ìgàngán tó kéré jù nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó yẹ kó wà nílé lọ́jọ́ yẹn. Ó bi í bóyá òun ni Bàbá Ìbejì. Ọmọ Ìgàngán ní rárá o, Bàbá Ìbejì ló ni dúútì òní. Mánẹ́jà rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Kò lọ sí Ìbàdàn mọ́. Ó pè mí wọ ọ́fíìsì, ó ní ìwé irọ́ gbáà lèyí, ó sì fẹ́ ìròyìn mi lórí tábìlì òun ní Mọ́ńdè. Bí mo bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé wọ́n jọ lẹ̀dí àpò pọ̀ ni, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò lọ, òun yóò sì kó ẹ̀ṣọ́ wá láti Ìbàdàn. Ní ti Bàbá Ìbejì tó ni orúkọ inú ìwé, òun yóò fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ kejì, mo pe àwọn mẹ́ta tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan má gbọ́ tèkejì. Ìbéèrè kan náà ni mo bi wọ́n: ta ló ni dúútì ọjọ́ Tọ́sìdeè? Ẹni àkọ́kọ́ ní Bàbá Ìbejì ló ni ín. Ẹnì kejì ní Bàbá Ìbejì ló ni ín. Ó wá kan ọmọ Ìgàngán fúnra rẹ̀, ẹni tí mánẹ́jà fojú ara rẹ̀ rí, òun náà wo ojú mi kòró, ó ní Bàbá Ìbejì ló ni ín.

Mo ní, "Ṣé kì í ṣe ìwọ ni mánẹ́jà bá níbẹ̀ ni?"

Ó ní, "Èmi ni mo dúró, ọ̀gá. Àmọ́ Bàbá Ìbejì ló ni ín."

Mo ní kó máa lọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé irọ́ ni wọ́n jọ pa, pé irọ́ òmùgọ̀ sì ni, nítorí wọn kò tilẹ̀ mọ ibi tó yẹ kí wọ́n ti bọ́ nínú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú ní Fúráìdeè, mo ti parí ìròyìn náà. Ó kù kí n gbọ́ tẹnu Bàbá Ìbejì kí n tó fọwọ́ sí i.

Láàárọ̀ Sátidé, mo gun alùpùpù dé ilé rẹ̀ ní Ìgbò-Ọrà. Ìyàwó rẹ̀ ní oko ló lọ, lójú ọ̀nà Ìgàngán. Mo gbé alùpùpù sábẹ́ igi igbá kan, mo fẹsẹ̀ rìn wọlé, mo sì bá a tó ń kọ ebè. Ilẹ̀ ṣì tutù lábẹ́ ọkọ́. Ó ti kọ ọ́ lọ títí, ebè náà tò lọ geere bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n.

Mo ní, "Ẹ kú oko o, Bàbá Ìbejì."

Ó ní, "Òo, Tíṣà. O rìn jìnnà."

Mo gbọ́ ọ. Ní géètì, Ọ̀gá Tíṣà ni mí, ẹ̀yin ni ó sì fi ń pè mí. Lóko, ọ̀gá ti bọ́ sílẹ̀, mo ti di ìwọ. Kò sì dùn mí, nítorí ó jù mí lọ níbẹ̀, àwa méjèèjì la mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo bi í bóyá oko rẹ̀ nìyí. Ó ní rárá, oko ọmọ Ìgàngán ni. Mo bi í ohun tó ń ṣe lóko ọmọ Ìgàngán nígbà tí ọmọ Ìgàngán wà ní géètì. Ó wò mí bí ẹni wo àlejò.

Ó ní, "Àáró ni, Tíṣà."

Mo dúró ńbẹ̀, ojú tì mí. Bàbá mi ṣe àáró kó tó kú. Bí wọ́n bá kó ọkọ́ wá sí oko rẹ lónìí, ìwọ ni ọlọ́jọ́, iṣẹ́ tìrẹ ni gbogbo wọn ṣe lọ́jọ́ náà, ẹnì yòówù kó di ọkọ́ mú. Bó bá kan ẹlòmíràn, ìwọ náà á kó ọkọ́ tìrẹ lọ. Mo jẹun lóko àáró láìmọye ìgbà nígbà tí mo kéré. Ọdún tí mo lò láàárín fáìlì ọlọ́pàá ti nù ún kúrò lórí mi débi pé ẹni mẹ́ta sọ fún mi pé "Bàbá Ìbejì ló ni ín," mo sì pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní òpùrọ́. Ẹni tó ni dúútì ni mo bèèrè. Ẹni tó ni ín ni wọ́n dárúkọ. Èmi ni n kò bèèrè ẹni tó dúró. Àwọn mẹ́rin yìí ti ka géètì mọ́ oko ni: ẹni tó bá bá ọ dúró lọ́jọ́ rẹ, ìwọ náà á lọ kọ ebè fún un lóko rẹ̀, wọ́n ń ṣe é yípo kí ebè wọn lè wà nílẹ̀ kí òjò tó kọjá.

Síbẹ̀, ọlọ́pàá inú mi kò tíì jókòó. Mo bi í pé bí àpò sítáàṣì bá sọnù ní Tọ́sìdeè, ta ni a ó mú?

Ó ní, "Èmi ni."

Mo ní, "Ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀?"

Ó fi ọkọ́ ti ilẹ̀. "Ọjọ́ mi ni. Èmi ni mo fi í síbẹ̀. Bó bá sùn, èmi ni mo sùn."

Ó wá bi mí bóyá wọ́n fẹ́ lé àwọn ni. N kò pa á mọ́ fún un, mo sọ ti lílé, mo sọ ti ọlọ́pàá pẹ̀lú. Ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lára ọkọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n mú òun nìkan, torí òun lòun dá a sílẹ̀, kí wọ́n fi àwọn mẹ́ta tó kù sílẹ̀. Ó tún gbé ọkọ́, ó ní òjò ń ṣú.

Ìwé méjì ni mo gbé lọ bá mánẹ́jà ní Mọ́ńdè. Mo sọ fún un pé ọ̀kan ni ohun tí mo rò, èkejì ni ohun tí wọ́n sọ. Ó kà wọ́n, kò yára. Ó ní géètì kì í ṣe ebè iṣu. Mo ní òótọ́ ni. Mo wá bi í bóyá láti ìgbà tó ti dé, ó ti bá géètì lófìfo rí. Ó ronú, torí olóòótọ́ èèyàn ni, ó ní kò ṣẹlẹ̀ rí. Mo bi í pé bí ẹ̀ṣọ́ Ìbàdàn bá sùn lẹ́nu iṣẹ́, ta ni yóò dáhùn? Ó ní ilé iṣẹ́ tó rán an wá ni. Mo ní ta ni nínú ilé iṣẹ́ náà? Kò rí orúkọ dá.

Mo ní tiwa ní orúkọ, ó ní ojú, ó tilẹ̀ ní oko tí a ti lè lọ mú un. Régísítà ló ń parọ́, kì í ṣe àwọn èèyàn náà, nítorí ojú ìlà kan ṣoṣo ló ní fún ọ̀rọ̀ méjì. Kí a fa ìlà sí i láàárín: ọlọ́jọ́ lápá kan, ẹni tó dúró lápá kejì.

Mánẹ́jà fẹ̀yìn ti àga. Ó ní, "O dá ara rẹ lójú jù."

Mo ní, "Ó dá mi lójú, ọ̀gá."

Ó ní bí àpò kan bá wá sọnù ńkọ́? Mo ní kó kọ orúkọ mi sókè orúkọ gbogbo wọn, èmi ni kó kọ́kọ́ lé. Ó fa bébà yọ lóòótọ́, ó kọ ọ́, mo fọwọ́ sí i. Èèyàn lè pè é ní ìgboyà, ṣùgbọ́n n kò bẹ̀rù rárá. Iṣẹ́ mi ni láti mọ ẹni tó ń parọ́, mo sì ti mọ̀ pé kò sí òpùrọ́ kankan ní géètì wa. Mánẹ́jà mú rúlà, ó fa ìlà náà fúnra rẹ̀. Ọlọ́pàá kankan kò rí Bàbá Ìbejì. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, àpò kankan kò sọnù lẹ́nu géètì wa. Nígbà tí mo dé yunifásítì, régísítà olójú méjì yẹn ni mo fi kọ iṣẹ́ ìwádìí mi àkọ́kọ́. Olùkọ́ mi bi mí inú ìwé wo ni mo ti rí i, mo sọ fún un pé inú oko ni.

Mo fẹ́ kí Bàbá Ìbejì dúpẹ́ lọ́jọ́ tí mo sọ fún un ní géètì, n kò ní purọ́. Ohun tó bi mí ni ibi tí oko mi wà. Mo ní n kò ní oko, ìwé ni mò ń kà. Ó ní ti ìyá yín ńkọ́, Ọ̀gá Tíṣà? Mo júwe rẹ̀ fún un, n kò ro nǹkan kan sí i.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, òun àti àwọn méjì kó ọkọ́ wá sí Lánlátẹ̀, ẹnì kẹrin wà ní géètì. Gbágùúdá ìyá mi tí koríko ti bò mọ́lẹ̀ ni wọ́n kọjú sí. Èmi náà bọ́ sí àárín wọn. Kí oòrùn tó dé àtàrí, ọwọ́ mi ti lé ròrò, poro tí mo ń ro sì ti wọ́. Ọmọ Ìgàngán ní bó bá jẹ́ pé bí mo ṣe kọ́ àwọn ọmọ níwèé nìyẹn, wọn ò ní mọ ọ̀nà ilé.

Ìyá mi gbé iyán wá, ó bu fún olúkúlùkù, ó wá kọjú sí mi. Ó ní wọ́n ní mo ṣe tíṣà, wọ́n ní mo ṣe ọlọ́pàá, òun kò mọ ohun tí wọ́n ń fi wọ́n ṣe. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ṣe, èyí nìkan ló dé oko òun.

Bàbá Ìbejì ní kí wọ́n má tíì yìn mí o, poro mi ṣì kù nílẹ̀. Mo fọ iyán kúrò lọ́wọ́, mo gbé ọkọ́, mo padà sínú rẹ̀.