Ṣíbí Mẹ́ta fún Aràn

Òórùn èébì àti kóró ìbẹ́pẹ ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn kékeré kan ní Angwan Rogo, ní Jos. Ọmọ ọdún mẹ́ta kan ti bì títí ojú rẹ̀ fi jìn, ọ̀rọ̀ tí mo kọ sínú ìwé ìròyìn ni ìyá rẹ̀ sì tẹ̀lé. Ọdún kẹta rèé tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ ló pè mí.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, mo ti jókòó ti ìyá àgbà kan tó ń ta oògùn aràn ọmọdé ní Gangare. Á sá kóró ìbẹ́pẹ sóòrùn, á lọ̀ ọ́ kúnná bí àgúnmu, á ní kí wọ́n fi oyin pò ó. Bí obìnrin bá wá rà á, ohun tó máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ọmọ ọ̀hún ńkọ́?" Ẹnì kan ní ọmọ wà nílé. "Haba! Ṣé ọwọ́ tìẹ ni n ó fi wọ̀n ọ́n? Lọ gbé e wá!" Inú kòtò àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà gan-an ló ń da àgúnmu sí, ìwọ̀n tó bá gbà nìyẹn, kò sí ẹ̀ẹ́nì.

Mo fojú ara mi rí i. Àmọ́ ìwọ akọ̀ròyìn ẹgbẹ́ mi náà ti bá olóòtú ṣiṣẹ́ rí, o mọ̀ pé iye ni wọ́n ń fẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ dà bí ọ̀rọ̀ ará oko létí mi. Mo bá kọ ọ́ pé ṣíbí ìjẹun mẹ́ta. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo ń yangàn láti ọdún yìí wá pé bí ọ̀rọ̀ bá ṣe jáde lẹ́nu ẹlẹ́rìí ni mo ṣe ń kọ ọ́!

Ìyá ọmọ náà, ọmọ bíbí Jos tí Hausa yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, tú ìwé ìròyìn náà jáde létí ìró rẹ̀. Kò pariwo.

"Wallahi, Bàbá, ó ń sunkún, mo dì í mú, mo fún un. Àbí mi ò kà á dáadáa ni?"

Ìbéèrè yẹn ló pa mí. Ara rẹ̀ ló ń fura sí.

"O kà á dáadáa," ni mo wí. Mi ò lè wo ọmọ náà lójú.

Nọ́ọ̀sì, ará Èkìtì tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló sọ ṣíbí fún yín?"

"Èmi ni."

Ó ní wọn ò tíì ní jẹ́ kí ọmọ náà lọ. Omi iyọ̀ àti ṣúgà ni wọ́n á máa fún un. Tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, wọ́n á yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò kó tó fẹnu kan oògùn aràn kankan mọ́. Ní ti èmi, kí n padà wá lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, nígbà tí àwọn ìyá bá pé.

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa dìde sọ ohun tí ẹ ṣe fún wọn. Ìyá ọmọ yìí á jókòó níwájú."