Ẹnì Kan Péré Lápá Oòrùn

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun mọ koríko ju Bàbá Koríko lọ, àfi kí onítọ̀hún jẹ́ màlúù. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ń tọ́jú pápá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò wọn. Òun ló ń gé e, òun ló ń bomi rin ín, òun náà ló ń fi okùn àti ẹfun fa ìlà rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje. Bó bá fà á tán, á di ojú kan, á fi èkejì wò ó bí ẹni tó ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, máa ń sọ pé ká ní ọkọ òun tọ́jú òun tó bó ṣe ń tọ́jú koríko ni, òun ì bá ti rúwé.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, owó tíkẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ẹgbẹ́ fi ń jẹun. Ẹgbẹ́ Ńlá tó wà ní olú-ìlú ń jẹ ẹran, ẹgbẹ́ tiwọn ń họ eegun, ṣùgbọ́n inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń bù ú. Ìgbà tí tẹlifíṣàn dé ni ìkòkò ṣí lọ. Àwọn ọlọ́gbọ́n tó ń ṣe olórí líìgì kóra jọ, wọ́n mu tíì, wọ́n ní iye ìgbà tí wọ́n bá fi ẹgbẹ́ kan hàn lórí tẹlifíṣàn làwọn yóò fi máa pín owó fún un. Ó dùn ún gbọ́ létí, àbí? Ẹgbẹ́ Ńlá ni ayé fẹ́ wò, òun ni wọ́n ń fi hàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun ló ń kówó. Owó náà ló sì fi ń ra ọmọ tó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá kúrò lọ́wọ́ àwọn tálákà, kí ayé lè túbọ̀ máa wò ó. Bí owó tẹlifíṣàn ṣe ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún ni àlàfo ń fẹ̀ sí i. Wọ́n pe èyí ní ìdàgbàsókè. Ẹni tó yó ni wọ́n ń bu oúnjẹ fún, wọ́n wá ń bi ẹni tébi ń pa pé kí ló dé tí kò sanra.

Ọmọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì. Orí koríko Bàbá Koríko ló ti kọ́ bọ́ọ̀lù láti kékeré. Ẹgbẹ́ Ńlá rà á lọ́dún tó kọjá, wọ́n sì fi í jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Wọn ò nílò rẹ̀ o. Wọn ò kàn fẹ́ kí ẹlòmíì ní i ni.

Ìgbà tó yá, alága ẹgbẹ́, tó jẹ́ oníṣòwò sìmẹ́ńtì, pe Bàbá Koríko sí ọ́fíìsì. Ó ní owó tí òun ń ná sórí ẹgbẹ́ ti sú òun. Tẹlifíṣàn máa fi ìdíje wọn hàn lọ́jọ́ Sátidé, nítorí pé Ẹgbẹ́ Ńlá ló ń bọ̀ wá bá wọn gbá.

"Wọ́n ní bó bá fa ojú mọ́ra, àwọn máa fi wá hàn lẹ́ẹ̀mẹrin sí i," ni alága wí. "Bí wọ́n bá ṣe é, pápá yín ò lọ ibì kankan. Bí wọn ò bá ṣe é, Bàbá, mo ti rí àwọn tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ẹ máa ká koríko yín bí ẹní."

Bàbá Koríko ò sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Ó gé koríko lẹ́ẹ̀mejì, ó fa ìlà lẹ́ẹ̀mẹta.

Lọ́jọ́bọ̀, àwọn oníkámẹ́rà dé. Apá méjì ni ìjókòó wà ní pápá náà: ọ̀kan ní òrùlé, ìkejì wà nínú oòrùn gangan. Orí òrùlé ni wọ́n de kámẹ́rà mọ́, kí oòrùn má baà wọ̀ ọ́ lójú. Ọ̀gá wọn, ọmọbìnrin kan tó wọ dígí dúdú, wá bá Bàbá Koríko.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, níbo làwọn èèyàn yín máa ń jókòó sí?"

"Abẹ́ òrùlé níbí ni. Ta ló fẹ́ yan ara ẹ̀ bí àgbàdo?"

"Háà. Ẹ ní kí wọ́n bọ́ sí ọ̀hún lọ́jọ́ Sátidé o. Kámẹ́rà ò lè rí ẹni tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Bí ọ̀hún bá ṣófo, wọ́n á ní ẹ ò léèyàn ni."

Ọ̀rọ̀ yìí kò le, àbí? Ó le fún àwọn àgbààgbà abẹ́ òrùlé. Lọ́dọ̀ wọn, wọn kì í fi tíkẹ́ẹ̀tì mọ ìjókòó, ogún ni. Ibi tí bàbá ẹni bá jókòó sí lọmọ ń jókòó sí. Káfíńtà ni olórí wọn, ìdí òpó kẹta sì ni ìjókòó rẹ̀.

"Káfíńtà, ẹ jẹ́ ká bọ́ sápá oòrùn lónìí nìkan," ni Bàbá Koríko bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Sátidé.

"Kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Ṣé aṣọ tí wọ́n sá ni wá ni?"

"Tẹlifíṣàn ò lè rí yín níbí."

"Ṣé torí kí wọ́n lè rí mi ni mo ṣe wá? Ìjókòó bàbá mi rèé. Lọ́dún tí wọ́n tún òrùlé ṣe, tá a bọ́ sọ́hùn-ún, góòlù mélòó ni wọ́n jẹ sí wa?"

"Mẹ́fà!" ni gbogbo wọn dáhùn, bí ẹni ṣe àmín.

"Ẹ gbọ́, wọ́n máa ta pápá yìí!"

"Jẹ́ ká nà wọ́n ná, ká wo ẹni tó máa tà á. Lọ bomi rin koríko ẹ, jàre."

Ni ẹgbẹ̀rún èèyàn bá fún ara wọn mọ́ abẹ́ òrùlé, apá oòrùn ṣófo. Àwọn olólùfẹ́ Ẹgbẹ́ Ńlá ò kúkú wá. Orí àga tìmùtìmù nílé ni wọ́n ti ń fẹ́ràn rẹ̀.

Bàbá Koríko wo apá oòrùn, ara rẹ̀ ò gbà á. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ó fọ ẹfun kúrò lọ́wọ́, ó gba ẹ̀yìn góòlù kọjá, ó lọ jókòó sí àárín gbùngbùn ibẹ̀, kó má baà ṣófo tán pátápátá. Ó ń pàtẹ́wọ́, òógùn ń bọ́.

Àwọn ọmọ náà gbìyànjú gan-an. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí ìdíje parí ni Ẹgbẹ́ Ńlá tó rántí Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n gbé e wọlé, ó sì jẹ góòlù kan ṣoṣo tí wọ́n fi borí. Ọmọ náà ò yọ̀. Ó dorí kodò, ó ń wo koríko.

Nígbà tí Bàbá Koríko délé, ìyàwó rẹ̀ ò tíì kí i káàbọ̀ tó fi bi í léèrè.

"Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ lọ ni?"

"Èwo ni èmi nìkan? Èèyàn kún abẹ́ òrùlé fọ́fọ́!"

"Èmi ò rí òrùlé kankan lórí tẹlifíṣàn. Ẹ̀yin ni mo rí. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń fojú yín hàn gbàgàdà. Ẹ sì ń pàtẹ́wọ́. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yẹn ní ká bá òun kí olólùfẹ́ kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ yín ní, pé ó mà ti tètè dé kó lè ríbi jókòó. Ẹ̀rín pa àwọn oníbàárà mi."

Bàbá Koríko ò lè jẹun. Orí òrùlé, lókè àwọn tó ń pariwo gan-an, ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà jókòó sí, tó fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn bo etí méjèèjì, tí kò gbọ́ wọn. Ká ní Bàbá Koríko ò lọ síbẹ̀ ni, ìjókòó lásán ni wọn ì bá rí, wọn ì bá gbàgbé. Òun ló lọ di ẹni tí wọ́n fi ń ṣe ẹlẹ́yà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́tà dé látọ̀dọ̀ àwọn oní-tẹlifíṣàn pé kò sẹ́ni tó fẹ́ wo ẹgbẹ́ tí kò léèyàn. Lóṣù yẹn náà ni rédíò kéde pé owó tẹlifíṣàn ti tún gbẹ́nu sókè, kí gbogbo olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù bá wọn yọ̀. Ìpín ẹgbẹ́ tiwọn fún ọdún kan ò tó ti Ẹgbẹ́ Ńlá fún ọ̀sẹ̀ kan. Alága ò bínú rárá. Ẹni tó ti rí oníbàárà kì í bínú.

Ọjọ́ ìdíje tó kẹ́yìn ní pápá náà, Bàbá Koríko fa ìlà rẹ̀ bó ṣe máa ń fà á. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí Káfíńtà tó ń bọ̀ níwájú, gbogbo àgbààgbà tẹ̀ lé e, àwọn èrò tó kù tẹ̀ lé wọn. Wọ́n kọjá òpó kẹta, wọ́n lọ tò sápá oòrùn, wọ́n kún un bámúbámú, òógùn bò wọ́n. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

"Bàbá Koríko!" ni Káfíńtà pariwo láti ọ̀hún. "A ti bọ́ síbí o! Ṣé wọ́n ń rí wa báyìí?"

Bàbá Koríko wo orí òrùlé. Ihò mẹ́rin tí wọ́n lu síbẹ̀ láti fi de kámẹ́rà nìkan ló kù.

"Ẹ jókòó dáadáa," ló dá wọn lóhùn. "Èmi ń rí yín."

Ó ká okùn rẹ̀, ó lọ sábẹ́ òrùlé tó ṣófo, ó jókòó sídìí òpó kẹta, lórí ìjókòó bàbá Káfíńtà, ó sì ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń yan.