Ilẹ̀kùn Mọ́tò Olóòlù

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń fi sùúrù ṣiṣẹ́, kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ rí bí sùúrù ṣe ń tán, kó dúró kí Jẹ́jẹ́ délé. Lẹ́nu iṣẹ́, ó lè jókòó sídìí ilẹ̀kùn mọ́tò kan fún wákàtí mẹ́ta láìla ẹnu. Nílé, bí omi bá pẹ́ díẹ̀ kó tó hó, gbogbo ojúlé ni yóò gbọ́. Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé ká ní òun mọ̀ ni, òun ì bá yàn láti wá sáyé bíi mọ́tò.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mú ibi tó tẹ̀ lára mọ́tò jáde láìba ọ̀dà jẹ́. Kì í lo òòlù, kì í lo pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ibi tó bá tẹ̀, kì í sì í fín ọ̀dà. Á sọ gíláàsì fèrèsé kalẹ̀, á ki ọ̀pá irin gígùn kan bọ inú ilẹ̀kùn láti òkè, á wá gbé iná gbọọrọ kan síta kí ìlà iná náà lè hàn lára ọ̀dà. Níbi tí ara mọ́tò bá ti tẹ́jú, ìlà iná á nà tààrà. Níbi tó bá ti tẹ̀, á wọ́. Kí Jẹ́jẹ́ máa fi orí irin ti ẹ̀yìn ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń jí ọmọ lójú oorun, títí ìlà yẹn yóò fi nà, iṣẹ́ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bó bá tì í le jù lẹ́ẹ̀kan péré, ọ̀dà á sán, ó sì parí.

Ohun tó ń dun oníṣẹ́ nínú iṣẹ́ yìí ni pé kò ní ẹlẹ́rìí. Bí télọ̀ bá rán aṣọ, a ó rí aṣọ. Bí káfíńtà bá kan àga, a ó jókòó lé e. Bí Jẹ́jẹ́ bá ṣe tirẹ̀ dáadáa, ohun tí ẹ ó rí ni pé ẹ ò rí nǹkan kan. Oníbàárà kan tiẹ̀ ti yí mọ́tò rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mẹta rí, ló bá bi í pé, "Ọ̀gá, ṣé ó dá yín lójú pé ó tẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, ni gbogbo ènìyàn ń pè ní Olóòlù. Panẹ́ẹ̀lì-bítà ni, ẹni tó ń fi òòlù na ara mọ́tò tó bá tẹ̀, ó ti lo ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ariwo òòlù rẹ̀ ni àdúgbò sì fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Òun ló kọ́ Jẹ́jẹ́ níṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Jẹ́jẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ irin àti iná yìí tó sì dé, kò lè pa ẹnu mọ́. Ó dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lójú oníbàárà mẹ́ta, ó ní, "Òòlù kì í tún mọ́tò ṣe. Ó kàn ń bo egbò mọ́lẹ̀ sábẹ́ pọ́tì ni." Olóòlù kò jà. Ó ní, "Kò burú. Máa lọ fi ìka ra tìẹ."

Ọdún mẹ́rin nìyẹn. Láti ìgbà náà, wọn kì í sọ ju "ẹ káàárọ̀" àti "káàárọ̀" fún ara wọn, bẹ́ẹ̀ ojúlé mẹ́fà péré ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù méjèèjì. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, kì í ṣeé kó. Jẹ́jẹ́ mọ̀ pé òun ló ṣẹ̀, ó sì ń dùn ún. Ó yẹ kó lọ bẹ̀bẹ̀, àmọ́ ó ti pinnu pé òun yóò bẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n òun bá kọ́kọ́ gbà pé iṣẹ́ gidi ni òun ń ṣe. Irú ẹlẹ́bẹ̀ tó ń retí kí wọ́n kọ́kọ́ yin òun nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mọ́tò aláwọ̀ ewé kan yọ́ wọ iwájú ṣọ́ọ̀bù Jẹ́jẹ́ bí olè. Olóòlù ló wà nínú rẹ̀. Ó ti rán gbogbo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ síbi tó jìn.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Káàárọ̀. Ṣé ọwọ́ ẹ dilẹ̀?"

"Ó dilẹ̀."

Olóòlù nawọ́ sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. "Òkúta kan ló bà á. Òkúta kékeré báyìí."

Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ojú ibẹ̀ rí roboto, etí rẹ̀ sì dọ́gba yíká. Jẹ́jẹ́ mọ òkúta náà dáadáa, torí ọdún méje gbáko ló fi di igi rẹ̀ mú ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Orí òòlù ló yọ kúrò lára igi, tó fò lọ bá mọ́tò ẹni tó ni ín.

"Òkúta ò mọ ojú ẹnikẹ́ni," Jẹ́jẹ́ wí. "Ẹ jókòó."

Olóòlù kò jókòó. Mọ́tò náà ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀dà tó bá a dé ló sì ṣì wà lára rẹ̀. Ó máa ń sọ fún oníbàárà pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀dà tuntun ò ní yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀." Ó jọ pé ọkàn tirẹ̀ nìkan ni kò balẹ̀. "Má jẹ́ kí ọ̀dà yẹn sán o," ló wí, ó sì fẹsẹ̀ rìn padà.

Jẹ́jẹ́ tan iná. Ó fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun mú kí ọ̀dà náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó lè rọ̀, ó ki irin bọ̀ ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ẹ̀yìn rẹ̀. Etí ló ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ ti àárín, gegele ni yóò kọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ìlà iná ti nà, àfi ibì kan tí kò tó hóró ìrẹsì. Ó ku kó tì í lẹ́ẹ̀kan.

Ibẹ̀ ni èrò kan ti dé. Bí òun bá yọ èyí náà, ẹ̀gbọ́n òun yóò dé, kò ní rí nǹkan kan, yóò ní "o ṣé", yóò sì wa mọ́tò rẹ̀ lọ. Tó bá di ọ̀la, yóò máa sọ fáyé pé nǹkan kan ò bà á rí. Ṣùgbọ́n bí hóró kan bá kù, ọwọ́ rẹ̀ yóò kàn án, yóò rántí bó ṣe jìn tó, ẹnu rẹ̀ yóò sì là. Ohun tí Jẹ́jẹ́ kò ṣe sí oníbàárà kankan rí, ó ṣe é sí ọmọ ìyá rẹ̀. Ó fa irin rẹ̀ yọ, ó pa iná, ó sì ń wo ẹ̀yìn bí ọmọ tó jí ẹran nínú ọbẹ̀.

Olóòlù dé ní aago mẹ́rin. Kò fi ojú wá a, àtẹ́lẹwọ́ ló fi ra ilẹ̀kùn náà láti òkè wálẹ̀. Ọwọ́ náà dúró.

"Ó kù," ló wí.

"Kí ló kù, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ó ku díẹ̀ níbí. Tan iná ẹ."

Jẹ́jẹ́ tan iná. Olóòlù lóṣòó, ó wo ìlà tó nà tààrà, ó wo hóró kan ṣoṣo tó wà lára rẹ̀, ó wá gbójú sókè wo àbúrò rẹ̀. Ó pẹ́ tó fi wò ó. Gbogbo ìyìn tí Jẹ́jẹ́ ti ń retí, kò sí ọ̀kan lójú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n yọ ọ́. Ìṣẹ́jú kan ni."

"Rárá. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Olóòlù wọ mọ́tò, ó lọ.

Kó tó di ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Olóòlù ń fa oníbàárà lọ́wọ́ lọ sídìí mọ́tò rẹ̀, ó ń sọ pé, "Àbúrò mi ló ṣe é. Ṣé ẹ rí i pé ó ku díẹ̀ níbí?" Kí ni Jẹ́jẹ́ fẹ́ sọ? Bó bá ní òun mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni, ìkà ni. Bó bá dákẹ́, ọ̀lẹ ni. Ìyàwó rẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òòlù ń bo egbò, egbò ta ni wọ́n wá ń fi han aráyé yìí?" Ó dun Jẹ́jẹ́ débi pé bí omi hó lọ́jọ́ náà, bí kò hó, kò tiẹ̀ bìkítà.

Lọ́jọ́ kẹjọ, olùkọ́bìnrin kan wa mọ́tò wọlé, ilẹ̀kùn rẹ̀ ti tẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n yín ló ní kí n wá," ló wí. "Wọ́n fi ibì kan hàn mí lára mọ́tò wọn. Mo wọ gíláàsì ojú mi, mi ò rí nǹkan kan. Wọ́n fi ìka mi lé e, síbẹ̀ mi ò mọ nǹkan kan lára."

"Kí ni wọ́n wá sọ?" Jẹ́jẹ́ bi í.

"Wọ́n ní irú iṣẹ́ yìí, àwọn ò lè ṣe é. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó lè mú un jáde débẹ̀, ó lè mú èyí tó kù jáde." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà kò yé e. "Wọ́n wá ní kí n bẹ̀ yín, kí ẹ má mọ̀ọ́mọ̀ fi nǹkan kan sílẹ̀ lára tèmi."

Jẹ́jẹ́ gbé irin ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ojú ń tì í, inú rẹ̀ sì ń dùn, kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ ṣe nínú méjèèjì.

"Ẹ jókòó, màdáàmù," ló wí. "Ẹ jẹ́ n sáré lọ bẹ ẹ̀gbọ́n mi."