Látìn Tí Mo Sọ fún Àwọn Ère Èsìé

Nígbà tí èmi tí ẹ ń wò yìí kò tíì ga ju odó ìyá mi lọ, ohun méjì ló máa ń bà mí lẹ́rù ní ìlú wa, Èsìé, tí ẹ̀rù náà sì tún máa ń dùn mọ́ mi. Èkíní ni èdè tí Fáda ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí òmìnira tó dé, àti fún ọdún díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, Látìn ni ìjọ Àgùdà fi ń ṣe Máàsì. Fáda á kọ ẹ̀yìn sí wa, á kọjú sí pẹpẹ, á máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, àwọn bàbá wa tí wọn kò mọ a yàtọ̀ sí b á sì máa dá a lóhùn láìṣìnà. Mo gbà lọ́kàn mi pé èdè tí Ọlọ́run ń gbọ́ nìyẹn, pé àánú ló fi ń tẹ́tí sí Yorùbá tiwa.

Ohun kejì ni àwọn ère òkúta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti dé Èsìé rí ti mọ̀ wọ́n. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún, ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n jókòó, òmíràn di idà mú, òmíràn fọwọ́ lé orúnkún, ilà wà lójú wọn, irun orí wọn sì dára ju ti ọ̀pọ̀ wa lọ. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó gbẹ́ wọn. Àwọn àgbà ní àlejò ni wọ́n, pé ibi tí wọ́n jókòó sí ni wọ́n ti di òkúta. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ìyá mi mú mi wọ ilé tí ìjọba kọ́ fún wọn, mo di ìró rẹ̀ mú pinpin, mi ò jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi dún. Ó ń ṣe mí bíi pé ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fo ọdún díẹ̀, kí n má baà fi ìtàn sú yín. Mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn Àgùdà, mo kọ́ Látìn fún ọdún márùn-ún, ó sì wọ̀ mí lórí. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo máa ń gbéra ga díẹ̀ nítorí rẹ̀. Nígbà tí mo pé ọmọ ogún ọdún, mo ti di olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké nílùú wa. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ni, orúkọ náà kò tíì mọ́ wa lẹ́nu. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni Fáda òyìnbó tó ń gbé ní Òrò gun alùpùpù rẹ̀ dé ilé wa, lẹ́tà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilẹ̀ Ítálì ni lẹ́tà náà ti wá. Ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè fún oṣù mẹ́sàn-án, kí wọ́n lè kọ́ bí a ṣe ń ka ìwé tí àwọn àlùfáà àti ọ̀mọ̀wé Yúróòpù fọwọ́ kọ sórí awọ ẹran ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dé ayé. Láti ìgbà tí wọ́n bá jí títí tí wọ́n á fi sùn, Látìn nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ sọ. Òun ni wọ́n á fi béèrè omi, òun ni wọ́n á fi ṣàwàdà, òun náà ni wọ́n á fi jà. Àyè kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo apá ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, obìnrin òyìnbó kan yóò wá sí Ìlọrin láti bá àwa tí a fẹ́ lọ sọ̀rọ̀, láìsí ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá lè fẹnu sọ ọ́ kò ní lọ.

Èmi tí mi ò tíì kọjá Ìlọrin rí láyé mi, ẹ wo bí ọkàn mi á ṣe rí. Látọjọ́ náà, mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn mọ́. Kí Fáda tó kúrò, ó fi Látìn bi mí léèrè ohun tí mo jẹ láàárọ̀. Mo lè ka ìtàn ogun àwọn ará Róòmù lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé ẹ̀kọ àti àkàrà ni mo jẹ. Fáda rẹ́rìn-ín, ó ní ojú mi ló mọ Látìn, ẹnu mi kò tíì mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n wá ẹni tí n ó máa bá sọ ọ́ lójoojúmọ́, nítorí ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni òun ń wá sí Èsìé. Ní Èsìé, níbo ni mo ti fẹ́ rí i?

Bàbá mi, àgbẹ̀ tó tún jẹ́ katikíìsì, ìyẹn olùkọ́ ẹ̀sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní kí n gbìyànjú, pé Ọlọ́run kò ní fi ilẹ̀kùn han èèyàn lásán. Ìyá mi kò ka ọ̀rọ̀ náà sí ohun gidi lákọ̀ọ́kọ́. Ṣùgbọ́n òun gan-an ló palẹ̀ ìrìn-àjò mi mọ́ jù. Ó sá èlùbọ́, ó gún ata gbígbẹ, ó yan irú títí kò fi lómi nínú mọ́. Ẹnìkan wá sọ fún un pé òtútù ilẹ̀ òyìnbó máa ń sọ omi di òkúta. Ìgbà ọyẹ́ ni. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í jí mi nígbà tí àkùkọ bá kọ, á da omi ìkòkò tó sùn síta lé mi lórí, ó ní kí ara mi lè mọ̀ ọ́n ni. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi ń gbọ̀n lójoojúmọ́. Ìgbà tí mo dé Ítálì ni mo tó rí i pé eré là ń ṣe.

Mo kọ́kọ́ ń bá ara mi sọ Látìn lójú ọ̀nà oko, àwọn tó ń kọjá ní ìwé ti fẹ́ yí mi lórí. Nígbà náà ni mo rántí àwọn tí kì í fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti jáde, mo máa ń gba ilé àwọn ère lọ, n ó dúró síwájú wọn, n ó máa ka ìtàn ogun mi sí wọn létí. Bàbá àgbàlagbà kan wà tó ń gbá ibẹ̀, tó sì ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Kò rí iwájú ilé ìwé rí. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi wò mí níran. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó gbé ìgbálẹ̀ jù sílẹ̀, ó wá bá mi. Yorùbá ìwé ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ o. Ìgbómìnà ìlú wa tó ki ló sọ, bí mo bá sì kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, púpọ̀ nínú yín á ní èdè wo nìyí.

"Ọmọ mi," ó ní, "ọjọ́ karùn-ún rèé tó o ti ń wọlé tọ àwọn àgbà wọ̀nyí. O ò kí wọn rí. Kí lò ń sọ fún wọn?"

Mo ní ìtàn ogun kan ni, inú ìwé ni mo ti kọ́ ọ.

"Ṣé wọ́n bi ọ́ nípa ogun ni? Kí wọn. Sọ ọmọ ẹni tó o jẹ́. Kó o wá sọ ohun tójú rẹ rí lónìí."

Ojú tì mí. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí. Mo lanu láti kí wọn ní Látìn, ẹ̀yin ará, ibi ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyẹn. Àwọn tó ni Látìn kì í kí ẹni tó jókòó, wọn kì í kí ẹni tó wà nínú oòrùn, wọn kò ní ẹ kú àtàárọ̀. Ńṣe ni mo ń to ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ títí aṣọ mi fi tutù fún òógùn. Nígbà tí mo ṣe tán, bàbá náà ní èyí tí mo sọ yẹn ni ọ̀rọ̀, pé èyí tí mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, kíkà ni mò ń kà á. Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò gbọ́ ọ̀kan nínú méjèèjì. Ó ní ojú ẹni tó ń kàwé kì í wo ẹnikẹ́ni.

Báyìí la bẹ̀rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mo ń kí wọn, tí mo sì ń ròyìn ìlú fún wọn: ọkọ̀ tó kó iṣu láti Rore tó ṣubú lọ́nà Ọ̀mù-Àrán, ewúrẹ́ wa tó jẹ ìwé katikísìmù bàbá mi, àwọn obìnrin méjì tó jà nídìí kànga nítorí ẹni tó kọ́kọ́ dé. Bí mo bá parí, n ó tún un sọ fún bàbá náà ní èdè wa. Nígbà mìíràn á ní kí n má ṣe ìyọnu, pé òun ti gbọ́. Mo rò pé ó kàn ń tù mí nínú ni.

Oṣù kẹta ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi kú. Ibà ni. Ọmọbìnrin tó máa ń jókòó sídìí fèrèsé ni, tó máa ń jí ẹfun ìkọ̀wé mi pamọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Lọ́jọ́ náà mi ò lè lọ sílé. Mo lọ tààrà bá àwọn ère, mo sì sọ fún wọn. Mo sọ bó ṣe ń jókòó, mo sọ ẹfun yẹn, mo sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pe orúkọ rẹ̀ káàkiri ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Mi ò wá ọ̀rọ̀ kankan tì. Ìgbà tí mo dákẹ́ ni mo tó mọ̀ pé Látìn ni mo fi sọ gbogbo rẹ̀, mi ò gba inú Yorùbá kọjá, mi ò sì gba inú Gẹ̀ẹ́sì. Mo yíjú láti tún un sọ fún bàbá náà. Ó ti ṣí fìlà rẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́," ó ní. "Ọmọ ta ni?"

Mo ti kàwé ká ayé lẹ́yìn ìyẹn, mo ti jókòó ti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ńláńlá, títí dòní mi ò lè sọ fún yín bí ọkùnrin náà ṣe gbọ́ ọ.

Ọjọ́ ìdánwò pé, bàbá mi mú mi lọ sí Ìlọrin. Obìnrin òyìnbó náà ti dàgbà, irun rẹ̀ funfun báláú. Mo kúnlẹ̀, mo kí i kú ìrìn, mo kí i kú oòrùn, mo béèrè àwọn tó fi sílẹ̀ nílé, gbogbo rẹ̀ ní Látìn. Ó bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta nípa àwọn ìwé àtijọ́ yẹn, ọ̀kan péré ni mo dáhùn dáadáa. Mo sì ti gbọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọlé ṣáájú mi láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, Látìn kò kọ́ ọ lẹ́nu rárá. Mo mọ̀ pé àyè náà ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Obìnrin náà wá bi mí pé ta ni mo ń bá sọ Látìn nílé. Ǹ bá ti ní Fáda ni. Ṣùgbọ́n mo sọ òótọ́, pé àwọn èèyàn òkúta ni. Ó gbé gègé rẹ̀ kalẹ̀, ó ní kí n mú òun lọ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a dé Èsìé. Ó ṣí àkẹtẹ̀ rẹ̀, ó dúró láàárín wọn, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló ní kí n bi bàbá tó ń gbálẹ̀, tí mo ti ròyìn rẹ̀ fún un lójú ọ̀nà, bóyá mo mọ Látìn sọ. Ẹ gbọ́, èmi ni ògbufọ̀. Ohun yòówù tí mo bá sọ lójú àwọn méjèèjì ni wọ́n á gbà. Mo bi í.

"Sọ fún un," ni bàbá náà wí, "pé kì í ṣe gbogbo ìgbà lo máa ń rí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó o kò bá rí, o kì í sá fún un."

Mo gbé e fún un bó ṣe wà, mi ò fo apá àkọ́kọ́. Obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ bàbá náà mú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni lẹ́tà dé pé èmi ni wọ́n mú.

Ohun tí mo rí lọ́hùn-ún kò ṣeé kà tán. Àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo jókòó sídìí tábìlì, èèyàn bí ogún láti ilẹ̀ méjìlá ń jà lórí ẹni tó jẹ bọ́tà tán, ní èdè tí mo rò nígbà èwe mi pé Ọlọ́run nìkan ló ń gbọ́ ọ. Mo fọwọ́ bo ojú, mo sunkún ayọ̀. Nígbà tí mo padà dé, bàbá náà ti kú. Wọn kò kọ ọ́ sí mi.

Ayé ti yí padà. Ọmọ ìsinsìnyí kò ní láti wá òkúta bá sọ̀rọ̀, inú fóònù ni ohùn tó ń dá a lóhùn wà, inú mi sì dùn sí i. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ọmọ mi kan wá lo ìsinmi láti Àbújá lọ́dọ̀ mi, nílùú tí mò ń gbé tó jìnnà sí Èsìé. Faransé ló ń kọ́ lórí fóònù rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó ní, "Mọ́mì àgbà, àwọn wo ni wọ́n máa ń sọ Ìgbómìnà nígbà yẹn?" Ẹ̀bi mi ni. Èmi tí mo fi oṣù márùn-ún kọ́ ẹnu mi ní èdè àwọn òkú, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi tọ́ bàbá rẹ̀.

Mo ní èmi ni. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní kí n sọ ọ́ kí òun gbọ́. Mo lanu, mo wá rí i pé láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí a jọ máa ń sọ ọ́, ti kú, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo kọ́kọ́ kí i, bí bàbá ilé àwọn ère ṣe kọ́ mi.