Ẹ̀wù tí Télọ̀ Rán fún Adìyẹ

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ mọ télọ̀ yìí, ṣòkòtò kan tó fẹ̀ jù mí lọ ni mo gbé lọ bá a. Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì to òwú sára ògiri láti orí èyí tó funfun jù títí dé èyí tó dúdú jù. Bí mo ṣe fẹ́ jókòó, ó ní kí n rọra gbé ẹsẹ̀, ó ní aláìsàn kan wà lábẹ́ tábìlì. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Adìyẹ ni. Ó jókòó sínú apẹ̀rẹ̀ àkísà, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ wà ní ìhòòhò bí ẹni tí wọ́n fi abẹ fá. Télọ̀ kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà. Ó wọn ìbàdí mi, ó ní kí n padà wá. Ìgbà tí a di ojúlùmọ̀ ni mo tó gbọ́ bí adìyẹ ṣe dé abẹ́ tábìlì.

Ọkùnrin náà ti lé ní ogójì ọdún kó tó gbéyàwó. Tíṣà kan tó máa ń gbé aṣọ wá fún un ló fẹ́. Ọkọ tí tíṣà kọ́kọ́ fẹ́ ti kú, ó sì fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀ fún un. Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ ni ọmọ yìí ń pe ọkùnrin náà láti ìgbà tó ti ń bá ìyá rẹ̀ wá wọn aṣọ, orúkọ náà ló sì ń pè é nígbà tí wọ́n kó wá sílé rẹ̀. Kì í ṣe aláìgbọràn. Ó ń kí i láàárọ̀, ó ń gbá ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, á dáhùn. Ṣùgbọ́n bí télọ̀ bá ti wọ yàrá kan, òun á rántí iṣẹ́ ní yàrá kejì.

Ìyá àgbà rẹ̀, ìyá tó bí tíṣà, ti ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Tíṣà ní òun ò ní fipá mú un. Tí wọ́n bá ti gba ọlidé, kí ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó wù ú. Télọ̀ gbọ́, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó ti dá gbé pẹ́ jù. Ìró sálúbàtà ọmọ náà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ti mọ́ ọn lára, kò sì fẹ́ kí ilé tún dákẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ náà ní òun fẹ́ máa sin adìyẹ, kíá ni télọ̀ gbà. Tíṣà ní kó fara balẹ̀, torí nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sẹ́ni tó sin adìyẹ rí. Télọ̀ ní kí ló le nínú adìyẹ. Ó ra abo mẹ́ta, káfíńtà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn sì fi pákó kan ilé fún wọn ní ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ náà sọ wọ́n lórúkọ. Ọ̀gá ni dúdú tó sanra, Alárìnkiri ni aláwọ̀ eérú tí kì í gbélé, Jẹ́jẹ́ sì ni pupa kékeré tó máa ń bà lé e nítan.

Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, wọ́n rò pé àwọn ló gbọ́dọ̀ kó adìyẹ wọlé. Tíṣà mú ìgbálẹ̀, télọ̀ na aṣọ ìbora bí ẹni tó fẹ́ fi àwọ̀n pẹja, ọmọ náà sì ń rákò kiri ìdí òdòdó. Káfíńtà ń wò wọ́n látorí ògiri, kò sọ nǹkan kan títí ó fi wò ó tẹ́rùn. Ìgbà náà ló ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n jókòó. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, adìyẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n wọlé wọn. Tíṣà bi í pé kí ló dé tí kò tètè sọ. Káfíńtà ní ìran náà ló dùn ún wò.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ́ adìyẹ sísìn díẹ̀díẹ̀. Télọ̀ ń wá ṣọ́ọ̀kì tó fi ń fa ìlà sáṣọ, kò rí i, àṣé Ọ̀gá ló ń ṣá a jẹ. Apẹ̀rẹ̀ àkísà ni Alárìnkiri yé ẹyin àkọ́kọ́ sí, ẹyin náà sì wà lórí tábìlì oúnjẹ fún ọjọ́ mélòó kan torí kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni tó fọ́ ọ. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun oníbàárà kan gba àmì ẹsẹ̀ adìyẹ lẹ́yìn; láti ọjọ́ náà ni télọ̀ ti ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Nígbà tó ṣe, ìyẹ́ Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Ọrùn ló kọ́kọ́ pá, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà ìrù. Láàárọ̀ tí òtútù mú, ó ká jọ sí igun kan, ó ń gbọ̀n. Ọmọ náà kò lè jẹun. Télọ̀ wò ó títí, kò rí ohun tí òun lè ṣe ju ohun tí òun mọ̀ ọ́n ṣe lọ. Ó mú téèpù lọ́rùn rẹ̀.

"Dì í mú dáadáa," ló wí. "Oníbàárà yìí ò mọ ìdúró."

"Ó ní kẹ́ ẹ má jẹ́ kó fún níbi ikùn," ni ọmọ náà wí.

"Ṣé ká fi àpò sí i?"

"Kí ló fẹ́ kó sínú ẹ̀?"

"Ìyókù ṣọ́ọ̀kì mi."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Òun àti télọ̀ kò tíì jọ rẹ́rìn-ín rí látìgbà tí wọ́n ti ń gbé pọ̀. Télọ̀ ń ka ìwọ̀n, òun ń tún un pè. Aṣọ múlọ́múlọ́ aláwọ̀ ewé ló fi rán ẹ̀wù náà, ó dá ojú ihò méjì sí i fún apá, ó sì fi bọ́tìnì kékeré dè é lábẹ́ àyà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n wọ̀ ọ́ fún Jẹ́jẹ́, ó bá a mu rẹ́gí, wọ́n sì dá a padà sọ́dọ̀ àwọn yòókù. Tíṣà àti ọmọ gba ilé ìwé lọ, télọ̀ padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń fi ẹnu súfèé.

Kò mọ̀ pé lójú Ọ̀gá àti Alárìnkiri, Jẹ́jẹ́ kọ́ ló wọlé bá wọn. Àlejò aláwọ̀ ewé kan ni. Wọ́n dojú kọ ọ́. Ariwo ẹ̀rọ kò jẹ́ kí télọ̀ gbọ́. Nígbà tí ọmọ náà ti ilé ìwé dé, Jẹ́jẹ́ ti há sẹ́yìn agbada omi, ẹ̀wù náà ti lọ́ mọ́ ọn lápá, orí rẹ̀ sì ń ṣẹ̀jẹ̀.

Ọmọ náà kò pariwo. Ó bọ́ ẹ̀wù náà, ó gbé adìyẹ mọ́ àyà, ó wá dúró níwájú télọ̀.

"Ẹ ò bi ẹnikẹ́ni léèrè kẹ́ ẹ tó ṣe é."

"Òótọ́ ni," ni télọ̀ wí. "Mi ò béèrè."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ náà sọ fún ìyá rẹ̀ pé kò dìgbà ọlidé kí òun tó mú ibi tó wu òun. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà lòun ń lọ, òun á sì gbé Jẹ́jẹ́ dání. Tíṣà wo ọkọ rẹ̀. Télọ̀ kò gbèjà ara rẹ̀. Ó dìde, ó lọ sọ́dọ̀ káfíńtà.

Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó bi í bóyá ó rán ṣòkòtò mọ́ ọn. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó ṣàlàyé. Jẹ́jẹ́ kò ṣàìsàn. Gbogbo adìyẹ ló ń bọ́ ìyẹ́ àtijọ́ kí tuntun lè hù. Kí wọ́n fún un lóúnjẹ dáadáa, kí wọ́n yà á sọ́tọ̀ títí egbò yóò fi jiná, kí wọ́n má sì fọwọ́ pa á lára, torí ìyẹ́ tuntun máa ń dùn ún.

Télọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ọmọ náà, ó sọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ, kò yọ ti ṣòkòtò sílẹ̀.

"Abẹ́ tábìlì mi gbóná," ló fi kún un. "Ìwọ ni kó o máa tọ́jú ẹ̀. Mi ò ní fọwọ́ kàn án. Tó o bá ní kí n gbé omi wá, màá gbé omi wá."

Ọmọ náà gbà láti dúró di ọlidé. Bí Jẹ́jẹ́ ṣe dé ibi tí mo ti rí i nìyẹn. Ojoojúmọ́ tí ọmọ náà bá ti ilé ìwé dé, á wọ ṣọ́ọ̀bù, á fún un lóúnjẹ, á jókòó sílẹ̀ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó ń rán télọ̀ níṣẹ́: omi ti tán, ẹ yí àpótí yẹn síbí, ẹ má tẹ ẹ̀rọ kíkankíkan, ó ń sùn. Télọ̀ ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ìyẹ́ tuntun yọ sọ́rùn Jẹ́jẹ́ ṣóńṣó ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́ lára tìmùtìmù. Ọmọ náà ló kọ́kọ́ rí i, télọ̀ ló sì pè wá wò ó, kó tó pe ìyá rẹ̀.

Ọlidé dé. Tíṣà gbé báàgì sórí bẹ́ẹ̀dì, ó bi ọmọ rẹ̀ pé ìgbà wo ni kí òun sọ fún ìyá àgbà. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, télọ̀ sì ń gbọ́.

"Ta ló máa gba Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá tó bá padà sáàárín wọn?" ni ọmọ náà béèrè. "Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ ò mọ nǹkan kan nípa adìyẹ. Ẹ ní kí Ìyá Àgbà wá kí wa."

Télọ̀ kò dìde. Ó ti rán ojú ìlà aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wọ́, ó ní láti tú u.

Ọmọ náà ti lọ́kọ báyìí. Akọ̀wé ni ní ilé iṣẹ́ omi, òpópónà tó kángun sí ti télọ̀ lòun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì. Télọ̀ ṣì ń ránṣọ ní yàrá iwájú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Yunifọ́ọ̀mù ọmọ ilé ìwé nìkan ló ń gbà.