Orúkọ Tó Wà Lára Ìbọn Alhaji

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ Alhaji Ṣàmsúdéènì ni Àsúmáù ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹrù wọn kúrò nínú fúláàtì káńsù, ilé ìjọba tí wọ́n gbé ní Peckham nílùú òyìnbó. Ẹ̀yìn wọ́dúróòbù ló ti bá ìbọn ọdẹ àtijọ́ kan tí wọ́n fi òfì wé. Ẹnìkan ti fi ọ̀bẹ gbẹ́ orúkọ sí igi ìdí rẹ̀: KÓYỌ̀DÉ.

Kò sí Kóyọ̀dé nínú ìdílé wọn. Bàbá Alhaji ló ṣọdẹ ní Ìgànná, Babátúnjí sì ni orúkọ tiwọn.

Ọdún mọ́kànlélógún ni Àsúmáù ti fi ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Nunhead, kò sì fẹ́ràn wàhálà. Òun fúnra rẹ̀ ló pe ọlọ́pàá. Obìnrin ọlọ́pàá tó wá bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: ìbọn náà kò ní ìwé àṣẹ, àwọn máa gbé e lọ. Bí Àsúmáù kò bá rí ẹ̀rí láàárín oṣù mẹ́ta pé irú ọta rẹ̀ kò sí mọ́, tí òfin á fi kà á sí ohun àtijọ́ lásán, tàbí kó rí ẹni tó ni ín tí yóò gbàwé àṣẹ, wọ́n á fọ́ ọ túútúú.

Kí wọ́n tó gbé e lọ, ó ya fọ́tò nọ́ńbà ara irin rẹ̀, ó kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tó rọ ọ́ ní Birmingham. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá kí èsì tó dé. Ọdún 1927 ni wọ́n tà á fún oníṣòwò kan l'Ékòó, irú ọta rẹ̀ ṣì wà lọ́jà. Ìyẹn nìkan ni wọ́n mọ̀.

Ó wá ku Màmá Bàrákàt, ẹ̀gbọ́n Alhaji, tí wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, tí wọ́n ṣì wà ní Ìgànná. Àsúmáù pè wọ́n lórí fóònù.

"Màmá, ta ló ń jẹ́ Kóyọ̀dé?"

"Ta ló dárúkọ ẹ̀ fún ẹ?"

"Ara ìbọn Daddy ni mo ti rí i."

"Háà! Ṣàmsú gbé e dání lọ sí ìlú òyìnbó? Ọ̀rẹ́ bàbá wa ni. Wọ́n jọ wọgbó ni. Bàbá rò pé ìgalà ló mi ewé, wọ́n yìnbọn. Kóyọ̀dé ló bà."

"Ó kú?"

"Bàbá ló gbé òkú ẹ̀ pọ̀n wálé. Wọ́n gbé ìbọn tiẹ̀ gan-an fún ìyàwó ẹ̀, ó lóun ò fẹ́ẹ́ rí i. Ó kó ọmọ méjèèjì, ó gba ọ̀nà Kétu lẹ́yìn bodè lọ. Bàbá wá wọn títí. Ṣàmsú náà wá wọn."

"Màmá, àwọn ọlọ́pàá á fọ́ ìbọn náà o. Ta ni mo lè gbé e fún?"

"Ọmọ mi, kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

Àsúmáù bẹ àwọn ará mọ́ṣáláṣí tó mọ èèyàn ní Kétu pé kí wọ́n bá òun wá àwọn ọmọ Kóyọ̀dé. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp káàkiri. Kóyọ̀dé kan jáde, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, ó bẹ ọlọ́pàá náà pé kí wọ́n kúkú gé ibi tí orúkọ wà fún òun. Obìnrin náà ní òun á béèrè. Lọ́jọ́ kejì ó pè padà, ó ní kò ṣeé ṣe, ẹ má bínú.

Àsúmáù fọwọ́ síwèé pé kí wọ́n fọ́ ọ. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé e lọ síṣẹ́, ó pe Màmá láti sọ fún wọn pé ìbọn ti lọ.

"Ìbọn wo?" ni Màmá bi í. "Ìwọ ta nìyí?"

"Èmi Àsúmáù ni, Màmá. Kò sí nǹkan kan. Ṣé ẹ ti jẹun?"