Ìkòkò Inú Ibú

Wọ́n ní Ìyá Bólúwatifẹ́ ri nǹkan mọ́ inú ibú, pé ẹnikẹ́ni tó bá dẹ àwọ̀n síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú bí ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹnu àwọn ọlọ́kadà Ìtàjí ni mo ti gbọ́ ọ. Mo ní irọ́ ni, mo fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo ara mi. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni n kò fi tẹ ẹsẹ̀ bọ odò. Ìgbàgbọ́ mi dá mi lójú, ẹsẹ̀ mi ni kò dá mi lójú.

Gbémisọ́lá ni bàbá Ìyá Bólúwatifẹ́ sọ ọ́. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti ń yan ẹja tà. Èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pupa. Bó bá ń rẹ́rìn-ín, ẹ ó rò pé ó ń sunkún ni. Àga kan náà la jọ ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo ń bá a wá ojú ìwé orin, nítorí kì í rántí mú awò rẹ̀ dání.

Òun ló sọ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn apẹja pé odò wa ń ṣófo. Àwọn kan ti ń da oògùn kòkó sómi, tẹja ńlá tọmọ ẹja á sì léfòó lókùú. Ó ní kí a fi ibú nìkan sílẹ̀ títí iṣu tuntun á fi jáde, kí ẹja lè ráyè yé. Ẹgbẹ́ pa á láṣẹ. Kò pé oṣù kan tí wọ́n tún fi ń yọ́ lọ síbẹ̀, àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ wíwú yìí jáde. Kíá, ibú dákẹ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo tọ̀ ọ́ lẹ́yìn dé odò. Ó ti wọ omi dé àyà.

"Ìyá Fúnmilọ́lá, ẹ má dúró bí ẹni tó rí òkú. Ẹ gbé ìyẹn fún mi."

Ìkòkò tó ti fọ́ lẹ́nu ni, àti ìdì ẹ̀ka igi tó so òkúta mọ́. Ó ní Bólúwatifẹ́ ló fi fídíò ránṣẹ́ láti òkè òkun: iyùn tó ń hù bí igi lábẹ́ omi ni ilé ẹja nínú òkun, níbi tó bá sì ti kú, àwọn ará etíkun á pawọ́ pọ̀ ri òkúta sómi kí ẹja lè padà wá. Èmi tí mo so iyùn mọ́rùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, àṣé ilé onílé ni mo gbé kọ́rùn!

"Odò tiwa kò ní iyùn," ó ní, "ṣùgbọ́n ìkòkò fífọ́ kò wọ́n wa."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wọn?"

"Ta ni yóò bẹ̀rù ìkòkò fífọ́? Bí ẹ̀rù bá kúrò, oògùn dé."

Èmi náà bá a dákẹ́.

Àfi bí ẹsẹ̀ Túndé, àbúrò alága wa, ṣe wú lóòótọ́. Ẹ̀gún ẹja àrọ̀ ló gún un níbi tó ti lọ jalè ẹja, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Wọ́n wó ààrò tí Ìyá Bólúwatifẹ́ fi ń yan ẹja. Wọ́n fi èédú ya àgbélébùú sí ìlẹ̀kùn rẹ̀. Wọ́n ní kó wá búra lọ́jọ́ Ìsinmi, tàbí kó kó jáde nílùú.

Kíláàsì ilé ìwé la pàdé sí lẹ́yìn ìsìn.

Bàbá Bámidélé alága na Bíbélì sí Ìyá Bólúwatifẹ́. "Ẹ búra pé ẹ ò ri nǹkankan sínú ibú."

Kò gbà á. "Bàbá Alága, n kò lè fi Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run purọ́. Mo ri nǹkan síbẹ̀. Ẹja ṣì ń yé. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, màá kó gbogbo rẹ̀ jáde lójú yín."

"Kí ẹsẹ̀ mi ti jẹrà!" ni Túndé ké.

"Kí lẹsẹ̀ rẹ ń wá níbẹ̀?" ni Ìyá Bólúwatifẹ́ bi í.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Túndé kò rẹ́rìn-ín. "Gálọ́ọ̀nù oògùn kòkó kan wà lẹ́yìn ọ̀kadà mi. Màá da gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ lónìí. Ohunkóhun tó bá wà nísàlẹ̀, kó kú!"

Wọ́n ní "Àmín!" Ẹ̀rù tó ti ń ṣọ́ ibú fún wa ló fẹ́ pa á yìí. Mo dìde.

"Ìkòkò ni!" mo ní. "Ìkòkò fífọ́ lásán ni!"

"Ẹ gbọ́ ọ? Ìkòkò! Ó ní ìkòkò ni wọ́n rì síbẹ̀!" ni ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn.

Ariwo ta. Ìyá kan di ọmọ rẹ̀ mú. Mo ń sọ pé kò sí nǹkankan nínú rẹ̀, pé ilé ẹja ni. Kò sẹ́ni tó gbọ́. Ọlọ́run dárí jì mí, èmi gan-an ni mo fún wọn ní ohun tí wọ́n ń wá.

Ìyá Bólúwatifẹ́ wò mí. Kò bínú. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó fún un le dáadáa.

"Túndé, bó o bá gbé e dé, inú omi lo máa bá mi."

Alága ń lu tábìlì pé a ò tíì parí, kó padà wá jókòó. Ó ti kọjá ẹnu ọ̀nà. Mo sáré dé ojú fèrèsé. Kò yà sọ́nà ilé. Ọ̀nà odò ló gbà.